Ìkòkò Tí Kì Í Fojú Kan Ọṣẹ

Mo ti fi ọtí kan ẹnu ju gbogbo ọ̀mùtí tó wà láti Ṣágámù dé Ìsarà lọ, kò sì sí ọ̀kan tó kọjá ọ̀nà ọ̀fun mi rí. Ẹni tó bá fẹ́, kó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó jókòó ti àìgbàgbọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni. Nígbà náà, ilé iṣẹ́ kékeré kan wà lẹ́yìn Ṣágámù tí wọ́n ti ń fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọsàn ṣe wáìnì, èmi ni wọ́n sì gbà pé kí n máa mójú tó o, láti ìgbà tí èso bá ti wọlé títí wọ́n á fi dé ìgò lórí. Láràárọ̀, màá bu díẹ̀ nínú àgbá kọ̀ọ̀kan, màá gbóòórùn rẹ̀, màá bù ú sẹ́nu, màá yí i ká ahọ́n, màá wá tu ú sínú korobá tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà, màá fi omi yọnu, màá kọ ohun tí mo rí sílẹ̀.

Kì í ṣe ilé ọlọ́tí ni wọ́n ti bí mi o. Ìkẹ́nnẹ́ ni ilé wa, inú ìjọ tó ń sin Ọlọ́run lọ́jọ́ Sátidé ni wọ́n sì ti tọ́ mi. Ẹni tó bá mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òfin ẹnu ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. A kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, a kì í jẹ ẹja tí kò ní ìpẹ́, a kì í jẹ edé. Ìkọ́kọrẹ́ tí ìyá mi ń sè kò rí edé rí, àwọn ará àdúgbò sì máa ń bi wá bóyá aláìsàn là ń sè é fún. Ti ọtí, ẹ má tilẹ̀ dá a sọ. Ìyá mi kì í ra ẹ̀pà tí wọ́n rọ sínú ìgò bíà. Á ní kí onítọ̀hún da ẹ̀pà náà sínú abọ́ tirẹ̀ kó sì máa gbé ìgò rẹ̀ lọ, síbẹ̀, á tún tún ẹ̀pà náà yan.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi jókòó sílé lẹ́yìn tí mo kẹ́kọ̀ọ́ tán nípa ìmọ̀ oúnjẹ. Iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n bí ojú láyé ìgbà yẹn. Ẹni tó gboyè ń wa takisí, ẹni tó gboyè ń gun ọ̀kadà. Mo kọ lẹ́tà títí àwọn ará ilé ìfìwéránṣẹ́ fi dá mi mọ̀. Obì ni ìyá mi ń tà, obì yẹn náà ló fi rán mi níwèé látìgbà tí bàbá mi ti kú, ojú sì ti ń tì mí láti máa jẹ nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí lẹ́tà ilé iṣẹ́ wáìnì dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá mi bi mí.

"Ṣé wàá máa mu ún?"

"Rárá, màámi. Màá máa tu ú dànù ni."

Ó ronú sí i bí ẹni tó ń ṣa obì. Ó wá ní, "Ẹnu tó bá tu ú dànù kò mu ún." Bó ṣe parí nìyẹn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó jí se ẹ̀wà fún mi kí n tó lọ.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí òun náà ń ṣe nínú ìjọ. Ìyá díákónì ni. Òun ló ń ṣe ohun mímu ìdàpọ̀, èyí tí à ń mu lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ní ìrántí Olúwa. Nínú ìjọ tiwa, omi èso àjàrà tí kò kan ọtí rárá ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ìyá mi á ra èso àjàrà gbígbẹ ní Ṣágámù, á sè é, á fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, á rọ ọ́ sínú ìkòkò amọ̀ kan tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, á wá fi aṣọ funfun mìíràn di ẹnu ìkòkò náà. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ohun mímu náà máa ń jókòó síbẹ̀. Ìyá àgbà tó fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: ohun mímọ́ kì í kánjú. Ó tún kọ́ ọ pé ìkòkò Olúwa kì í fojú kan ọṣẹ tí a fi ń fọ ìkòkò ọbẹ̀. Omi lásán ni wọ́n ń ṣàn án, ọwọ́ ẹlòmíràn kò sì gbọ́dọ̀ kàn án.

Gbogbo ìjọ ló fẹ́ràn ohun mímu ìyá mi. Ìyá mi kì í ṣahun, ife kò kéré, ó sì máa ń bù ú kún. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, àwọn alàgbà ló máa ń mu ún tán ní yàrá ẹ̀yìn, nítorí a kì í da ohun mímọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń jẹ́rìí pé lọ́jọ́ ìdàpọ̀, àwọn máa ń mọ nǹkan kan tó ń gbóná láyà àwọn. Orin ọjọ́ náà pàápàá máa ń dùn ju ti ọjọ́ yòókù lọ.

Oṣù méjì péré ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wàhálà dé. Ẹnì kan nínú ìjọ wọ ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú mi láti Ṣágámù, ó gbóòórùn ara aṣọ mi, ó sì gbé òórùn náà lọ fún alàgbà àgbà. Olùkọ́ ilé ìwé gíga ni alàgbà yìí, ọkùnrin tó ń lo táì àní ní ọjọ́ tó bá fẹ́ lọ sóko. Ó wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, ó gba omi, ó mu ún, ó gbé ife kalẹ̀.

Ó ní, "Ọmọbìnrin mi, iṣẹ́ yìí kò yẹ ọmọ ìjọ."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹnì kan rí i tí mo mu ún ni?"

"Ẹni tó ń pọn ọn fún ẹlòmíràn ńkọ́?"

Ẹnu mi kì í dákẹ́ nígbà tó bá yẹ kó dákẹ́, ìyá mi ti sọ bẹ́ẹ̀ láti kékeré mi. Mo ní, "Sà, ìjọ wa kì í jẹ obì. Màámi ń tà á. Ìdá mẹ́wàá obì wà lára páànù tó bo ilé ìjọsìn wa lórí. Kò sẹ́ni tó wá bá wọn sọ ọ́ rí."

Ìyá mi fi ojú gé mi. Alàgbà tún táì rẹ̀ ṣe. Ó ní òun kò wá jiyàn. Ìgbìmọ̀ máa jókòó ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìdàpọ̀. Bí mi ò bá tíì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n á yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé ìjọ. Ó wá yíjú sí ìyá mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ̀yin náà ìyá, ẹ mọ̀ pé ẹni tí a bá yọ ọmọ rẹ̀ nítorí ọtí, kò ní bójú mu kó tún máa tọ́jú tábìlì Olúwa."

Nígbà tó lọ tán, ìyá mi ò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ó ní, "Fi í sílẹ̀."

"Màámi, ọdún méjì ni mo fi wá a."

"Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi tọ́jú tábìlì yẹn. Ní gbogbo ìlú yìí, obì ni wọ́n mọ̀ mí mọ́, àfi ibẹ̀ nìkan. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Inú bí mi. Mo ní mi ò ní fi í sílẹ̀. Mi ò jalè, mi ò ṣe panṣágà, mi ò mutí. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ mí, kí wọ́n yọ mí níṣojú mi, kí n wo ojú ẹni tó gbé ọwọ́ sókè. Èmi àti ìyá mi kò sọ̀rọ̀ mọ́ di ọjọ́ kejì, à ń kí ara wa ṣáá ni, a sì ń jẹun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀sẹ̀ ìdàpọ̀ dé. Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀ ni ìyá mi ti se èso àjàrà rẹ̀, ó sì ti rọ ọ́ sínú ìkòkò. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tètè dé láti ibi iṣẹ́, ìyá mi wà lọ́jà, mo wọ yàrá rẹ̀ láti mú abẹ́rẹ́. Mo gbọ́ ohùn kan ní kọ̀rọ̀, ohùn tín-ín-rín, bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí ewé lọ́ọ̀ọ́kán. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ti wọ̀ mí létí láti ibi iṣẹ́ ni, nítorí ohùn àwọn àgbá mi gan-an ni. Mo sún mọ́ ìkòkò. Mo kúnlẹ̀, mo gbé etí lé e. Ó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì sí iná lábẹ́ rẹ̀.

Mo tú aṣọ ẹnu rẹ̀. Òórùn tó lù mí nímú, kò sí bí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi ṣe lè ṣì í mọ̀. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó dìde. Ohun kan wà tí à ń pè ní ìwúkàrà, ohun alààyè tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ṣúgà ló ń jẹ, ọtí ló sì ń sọ ọ́ dà. Ọmọ ìyá rẹ̀ ló máa ń wà nínú ìsàlẹ̀ akèrègbè ẹlẹ́mu, ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́mu kì í fi ń fọ akèrègbè rẹ̀ mọ́ pátápátá. Sísè tí ìyá mi ń se omi àjàrà ń pa á. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn sísè, ó tún ń dà á sínú ìkòkò amọ̀ tí kò fojú kan ọṣẹ láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Gbogbo ara ìkòkò yẹn ni ìwúkàrà ti kọ́lé sí. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń bù fún Olúwa ló ń pọn ọtí fún wọn.

Mo bu díẹ̀, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo wọ̀n ọ́n. Mo tún un wọ̀n. Agbára rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti wáìnì ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí à ń tà sí Èkó, ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta kó tó pé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo ká ìwé náà sínú báàgì mi. Mo jókòó lórí korobá tí mo dojú rẹ̀ dé, mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ẹkún wá gbọ̀n mí. Irọ́ ni mo pa fún yín níbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Ọtí kan wà tó kọjá ọ̀nà ọ̀fun mi. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti gbà á, látìgbà tí mo ti ṣe ìrìbọmi, mo sì dorí kodò gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ohun ìjà sì rèé lọ́wọ́ mi. Kí n kàn gbé ìwé yẹn sórí tábìlì ní Ọjọ́bọ̀, ta ni yóò tún lẹ́nu láti yọ mí? Ṣùgbọ́n àyà ta ni ọta ìbọn yẹn máa gbà kọjá kó tó bá alàgbà? Ti ìyá mi ni.

Mo sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ìwé tí mo fi obì rán ọ lọ kà, ṣé òun lo wá fi ń pe Olúwa ní ọlọ́tí?" Mo mú ìgò méjì. Mo bu omi inú ìkòkò sí ọ̀kan. Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ se èso àjàrà tó ṣẹ́ kù, mo se ìgò kejì nínú omi, a rọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sè sínú rẹ̀ ní gbígbóná. Mo ra bàlúùnù méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń ta nǹkan ìṣeré ọmọdé, mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ìgò kọ̀ọ̀kan lẹ́nu, mo gbé wọn sórí tábìlì.

Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, bàlúùnù orí ìgò ìkòkò ti dìde nàró, ó sì ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ afunfèrè. Ìkejì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Mo bá ìyá mi tó jókòó níwájú wọn, ó ti wẹ̀, kò tíì wọ bàtà. Ó fi ìka kan bàlúùnù náà.

Ó ní, "Ta ni o ti sọ fún?"

"Kò sí."

"Ṣé wàá sọ fún wọn lónìí?"

"Rárá o. Mi ò ní fi iṣẹ́ mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní fi yín rà á."

Ó dìde lọ wá bàtà rẹ̀, èmi náà sì lọ síbi iṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìgbìmọ̀ ti jókòó nígbà tí mo dé, ìyá mi nìkan ni kò sí níbẹ̀. Alàgbà àgbà ka ẹ̀sùn mi. Ó kà á dáadáa, mi ò lè bá a jà lórí ìyẹn. Ó ní ṣé mo ní ọ̀rọ̀. Mo dìde. Mo ní, "Mi ò mu ún. Mi ò jí i. Mi ò tà á nínú ilé ìjọsìn. Ìmọ̀ tí Ọlọ́run fún mi ni mo ń lò, mi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀." Ìwé yẹn wà nínú báàgì mi, mo fi ẹsẹ̀ ti báàgì náà sábẹ́ àga.

Alàgbà ní kí ẹni tó bá fọwọ́ sí i pé kí a yọ orúkọ mi gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń wo ojú wọn bí mo ṣe ṣèlérí, ọ̀pọ̀ wọn sì ń wo ilẹ̀. Bàbá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àgbẹ̀ tó ń wá láti abúlé ọ̀nà Simawa. Kó tó di onígbàgbọ́, wọ́n ní kò sí ẹlẹ́mu tí kò mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bàbá yìí gbé ọwọ́ tirẹ̀ dé ìdajì.

Ìgbà yẹn ni ìyá mi wọlé, ìkòkò lórí, pẹ̀lú aṣọ funfun ẹnu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti rí ìkòkò yẹn níta rí. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí tábìlì níwájú alàgbà, ó yọ ìgò pẹ̀lú bàlúùnù láti inú àpò rẹ̀, ó gbé e tì í.

Ó ní, "Kí ẹ tó yọ ọmọ mi, ìyá rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ọmọ mi ń pọn ọtí fún àwọn ará Èkó. Ẹ̀yin ni mò ń pọn ọn fún, ọdún mẹ́rìndínlógún rèé. Mi ò mọ̀. Ọmọ yìí ló rí i, tó sì ní òun ò ní sọ fún yín."

Alàgbà àgbà tú aṣọ ìkòkò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún un gbọ́. Ó wò mí. "Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní, "Òótọ́ ni sà."

Bàbá àgbẹ̀ wá wúkọ́ díẹ̀. Rẹ́mọ pọ́nńbélé ló máa ń sọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni mò ń sọ fún yín. Ó ní, "Èmi mọ̀."

Alàgbà yí padà sí i. "Bàbá, ẹ mọ̀? Láti ìgbà wo?"

"Láti ìdàpọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jẹ."

"Ẹ ò wá sọ?"

"Ṣé ẹ bi mí ni? Ẹ ní ohun mímọ́ ni. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí ẹmu dìde, ẹnu wo ni màá fi sọ fún ẹ̀yin tí ẹ kàwé pé ohun mímọ́ yín ń pa èèyàn bí ẹmu?" Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Mi ò pa ìdàpọ̀ jẹ rí, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì tètè fi ikọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Alàgbà jókòó. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn olùkọ́ ti lọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ jáde. Kí a fọ́ ìkòkò, kí ẹlòmíràn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi, kí èmi náà fi ilé iṣẹ́ wáìnì sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí orúkọ gbogbo wa sì wà níbi tó wà.

Mo ti dìde láti sọ̀rọ̀. Ìyá mi fi ọwọ́ dá mi padà sórí àga láì wo ẹ̀yìn.

Ó ní, "Kò ní fi í sílẹ̀. Gbogbo yín tẹ́ ẹ jókòó níbí, èmi náà pẹ̀lú, ta ni àìmutí rẹ̀ ràn wá lọ́wọ́? Ẹni tó mọ ọtí ló yọ wá nínú ọtí. Bí mo bá tún ṣì í ṣe lọ́la, ta ni yóò sọ fún mi?"

Ó dúró síbẹ̀, ó ń retí èsì. Àwọn ọwọ́ tó wà lókè rọra ń bọ̀ nílẹ̀. Alàgbà pa ìwé dé. Bàbá àgbẹ̀ tún sọ̀rọ̀ láti ìdí fèrèsé, ó ní bí wọ́n bá tiẹ̀ fẹ́ fọ́ ìkòkò náà, kí wọ́n kúkú gbé e fún òun, òun á máa fi pọn omi. Ojú tí alàgbà fi wò ó ló jẹ́ kó dákẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìyá mi da gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé, ó mú ọṣẹ àti kànrìnkàn, ó fọ ìkòkò náà títí ìka rẹ̀ fi hun jọ. Ó ń sunkún, mi ò bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n máa sọ bí a ó ṣe ṣe é, òun á máa ṣe é. A se ìgò, a se omi àjàrà, a rọ ọ́ ní gbígbóná, a dé e gbọin kí oòrùn tó wọ̀.

Lọ́jọ́ ìdàpọ̀, kí a tó jẹ ẹ́, a máa ń wẹ ẹsẹ̀ ara wa ní méjì méjì. Kò sẹ́ni tó wá sọ́dọ̀ mi. Ìyá mi gbé abọ́ omi wá, ó kúnlẹ̀ níwájú mi. Mo fẹ́ dá a dúró, ó gbá ọwọ́ mi. Ó wẹ ẹsẹ̀ mi, ó nù ún, ó ní, "Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ ti le. Ìdúró ibi iṣẹ́ yẹn pọ̀ jù, máa wá nǹkan jókòó lé." Èmi náà kúnlẹ̀, mo wẹ tirẹ̀.

Ní yàrá ẹ̀yìn, ó ṣí ìgò, ó bu ife kan, ó nà án sí mi níwájú alàgbà àgbà àti gbogbo àwọn tó gbé ọwọ́ sókè.

"Tọ́ ọ wò."

Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo bù ú sẹ́nu, mo yí i ká ahọ́n. Ẹnu mi ti ṣù jọ bí ìṣe rẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò tu ú sí. Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Mo tẹjú mọ́ alàgbà, mo gbé e mì.

Mo ní, "Kò sí ọtí níbẹ̀."

Ìyá mi kò dúró gba àṣẹ. Ó gbé àwo ife ìdàpọ̀ rẹ̀, ó sì jáde lọ bá ìjọ.